Eyín Adébánjí Nílé Àna

Kò sí ẹni tó mọ Adébánjí ní Ibafo tí kò mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Bí kò bá máa sọ̀rọ̀, á máa jẹun. Bí kò bá máa jẹun, á máa kọrin lórí iṣẹ́. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, iṣẹ́ táìlì ló ń ṣe, yàrá kan ló sì háyà lẹ́yìn ilé epo kan tí kò jìnnà sí títì márosẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń kọ́lé ní OPIC Estate fi máa ń dúró dè é, bó tilẹ̀ ní iṣẹ́ lọ́wọ́ níbòmíràn. Sàhéèdì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, a máa sọ pé ọjọ́ tí ẹnu Bánjí bá dákẹ́, kí wọ́n tètè wá dókítà.

Ọjọ́ náà sì dé. Eyín kan nísàlẹ̀ lápá òsì, ọ̀kan nínú àwọn tó fi ń lọ oúnjẹ, ló bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú bí ìgbà tí èèyàn ń fi òòlù kan ìṣó. Adébánjí ní kí wọ́n kúkú fà á sọnù, kí àwọn méjèèjì pínyà. Ṣùgbọ́n Morádéyọ̀, obìnrin tó fẹ́ fẹ́, tó ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní Mowe, kọ̀ jálẹ̀.

"Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́," ó wí. "Eyín tí wọ́n bá fà kì í hù mọ́. Jẹ́ ká lọ dí i."

Ó mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà eléyín kan ní Mowe, obìnrin tí ojú rẹ̀ tutù, tó ń jẹ́ Dókítà Sọ̀fíyátù Láwàl. Dókítà yẹ ẹnu rẹ̀ wò, ó ya fọ́tò eyín náà, ó ní ó ti jẹrà wọnú lọ, ó kù díẹ̀ kó kan iṣan, ṣùgbọ́n ó ṣì ṣeé gbà là. Ó gún un lábẹ́rẹ́ tó mú gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kú, ó gbẹ́ ibi tó ti jẹrà kúrò, ó sì dí ihò náà. Nígbà tó parí, ó ní kí Adébánjí pa eyín dé, kó sọ bóyá ó bára mu.

Ẹnu tó ti kú, kí ni yóò mọ̀? Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Sàhéèdì ti po sìmẹ́ńtì sílẹ̀ dè é lórí iṣẹ́. Adébánjí mi orí, ó ní ó bára mu dáadáa.

"Ṣé ó dá yín lójú, sà?" dókítà bi í.

"Ó dá mi lójú, Dókítà. Kò sí wàhálà."

Dókítà kìlọ̀ fún un kó tó dìde. Ó ní nítorí pé ihò náà jìn, nǹkan tútù lè máa ta á fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, pé ìyẹn kì í ṣe nǹkan bàbàrà, yóò máa lọ díẹ̀díẹ̀. "Ṣùgbọ́n bó bá ń dùn yín tẹ́ ẹ bá fi jẹun, tàbí tó bá ń dùn yín láìjẹ́ pé ẹ fi ṣe nǹkan kan, ẹ má jókòó sílé o. Ẹ padà wá bá mi."

Adébánjí gbọ́, ṣùgbọ́n etí kan ló fi gbọ́ ọ. Ọkàn rẹ̀ ti dé OPIC.

Nígbà tí agbára abẹ́rẹ́ náà tán, ó ra ẹ̀wà àti búrẹ́dì, ó jókòó tì í tayọ̀tayọ̀. Ó kó o sẹ́nu, ó pa eyín dé. Nǹkan kan ta á láti eyín dé etí, ó gba etí wọ àárín orí. Adébánjí gbé ṣíbí sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó wo abọ́ ẹ̀wà náà bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀ ẹ́. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé nítorí pé ó ṣì jẹ́ tuntun ni. Lọ́jọ́ kejì, ó fi eyín já omi inú ọ̀rá tó tutù, ó sì fo sókè lórí iṣẹ́ débi pé táìlì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́.

Ọ̀sẹ̀ kọjá, ìrora náà kò kọjá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún nìkan ló wá ń ṣiṣẹ́, ó sì ti ń rẹ̀ ẹ́. Orin dáwọ́ dúró lórí iṣẹ́. Sàhéèdì kò sì pẹ́ fura. Ó ra kànáfùrù wá fún un, ó ní kó fi há eyín náà. Ìyá Jésùlayọ̀mi, obìnrin tó ni ilé tó ń gbé, gbé omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá fún un láràárọ̀, ó sì ń bá eyín náà wí ní orúkọ Jésù bí ẹni ń bá ọmọ aláìgbọràn sọ̀rọ̀. Mẹkáníìkì kan ní Asese, tó wá wo ọkọ̀ ẹni tí wọ́n ń bá ṣiṣẹ́, ní epo bíréèkì díẹ̀ lórí òwú ni yóò parí ọ̀rọ̀ náà. Adébánjí dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì rọra sún sẹ́yìn.

Gbogbo wọn ló gbà á nímọ̀ràn, ṣùgbọ́n kò gba ti dókítà tó ní kó padà wá. Ẹ̀rù ló ń bà á. Lọ́kàn rẹ̀, bó bá tún jókòó lórí àga yẹn, wọ́n á ní eyín náà ti kọjá àtúnṣe, wọ́n á sì yọ ẹ̀mú. Ohun mìíràn sì tún wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n dí eyín náà ni Morádéyọ̀ ti bi í bó ṣe ń ṣe é, tó sì dáhùn pé, "Ó ti san pátápátá. Bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe mí rí." Inú Morádéyọ̀ dùn débi pé ó ròyìn rẹ̀ fún gbogbo olùkọ́ ilé ìwé rẹ̀. Báwo ló ṣe fẹ́ gba ayọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀? Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Adébánjí ń rẹ́rìn-ín fún Morádéyọ̀ lápá ọ̀tún, ó ń fi ahọ́n bo eyín òsì mọ́lẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn tí ọjọ́ tí yóò lọ fojú han àwọn ará ilé Morádéyọ̀ ní Ifọ̀ fi pé.

Ọmọ Ifọ̀ gangan ni wọ́n, ilé baba-ńlá wọn ṣì wà níbẹ̀. Bàbá Morádéyọ̀, Alàgbà Olúṣẹ̀yẹ, jẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ìyá Morádéyọ̀ ti kú láti ìgbà tó wà ní kékeré, ìyá bàbá rẹ̀, Màmá Ayọ̀níkẹ́, ló sì bá wọn tọ́ ọ. Lọ́nà, bí ọkọ̀ wọn ti ń kúrò ní Sángò, Morádéyọ̀ ń kọ́ Adébánjí ní ìwà tó yẹ kó hù.

"Dọ̀bálẹ̀ dáadáa, má fi ìka tẹ ilẹ̀ lásán. Má sọ̀rọ̀ jù. Ṣùgbọ́n oúnjẹ, jẹ ẹ́ o. Àǹtí Ọmọ́títí ló máa sè é, àbúrò Dádì ni, kò sì sí ohun tó ń bí i nínú tó kí èèyàn má jẹ oúnjẹ rẹ̀."

"Èmi?" Adébánjí wí. "Ṣé èmi ni wọ́n ń bẹ̀ láti jẹun?"

Ó rẹ́rìn-ín lápá ọ̀tún.

Ìdọ̀bálẹ̀ lọ dáadáa. Àyà rẹ̀ kan ilẹ̀ fún Alàgbà, ó kan ilẹ̀ fún Màmá Ayọ̀níkẹ́ tó jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Màmá pè é ní ọkọ òun, ó ní kó dìde, ó bi í léèrè àwọn ará Ìsẹ́yìn bí ẹni pé ó mọ gbogbo wọn. Ohun gbogbo ń lọ geere títí Àǹtí Ọmọ́títí fi gbé mínírà jáde láti inú fíríìjì, tí omi ń kán lára ìgò náà.

Adébánjí gbé e sẹ́nu. Òtútù náà lọ tààrà síbi tó ń lọ. Ó gbé ìgò náà kúrò lẹ́nu, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì dì í mú bí ẹni ń yáná.

"Ṣé ẹ ò fẹ́ràn mínírà ni?" Àǹtí Ọmọ́títí bi í.

"Mo fẹ́ràn rẹ̀, mà. Mo ń rọra mu ún ni."

Àǹtí Ọmọ́títí wò ó, ó wo mínírà, ó wọ ilé ìdáná lọ. Morádéyọ̀ tẹ̀ lé e láti bá a bu oúnjẹ. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ tí àǹtí rẹ̀ ń sọ pé, "Ọkùnrin tó wá sílé àna, tí kò lè mu mínírà. Àbí wọ́n ti kìlọ̀ fún un nílé pé kó má fi nǹkan wa kan ẹnu?"

"Àǹtí, Bánjí kọ́," Morádéyọ̀ wí. "Ẹ jẹ́ kí oúnjẹ dé iwájú rẹ̀ ná."

Oúnjẹ dé iwájú rẹ̀. Ìrẹsì Ọ̀fàdà ni, tí wọ́n fi ewé pọ́n, pẹ̀lú ọbẹ̀ ata tí epo rẹ̀ ń dán, tí ṣàkì, pọ̀nmọ́ àti ẹran eléegun kún inú rẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, Adébánjí ì bá ti fi orin kí i. Lọ́jọ́ náà, ó wò ó bí ọmọ ilé ìwé ṣe ń wo ìdánwò tí kò kàwé fún. Ó bẹ̀rẹ̀ lápá ọ̀tún. Ó ń jẹ ìrẹsì náà díẹ̀díẹ̀, ó ń gbé pọ̀nmọ́ mì láìjẹ. Àǹtí Ọmọ́títí jókòó sí iwájú rẹ̀, ó ń ka òkèlè mọ́ ọn lẹ́nu.

Ẹran ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu rẹ̀ ni Alàgbà Olúṣẹ̀yẹ bọ́ sójú ọ̀rọ̀.

"Adébánjí," ó wí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. "Morádéyọ̀ nìkan ni ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún mi. Mi ò ní bi ọ́ nípa owó, mi ò ní bi ọ́ nípa ilé. Ohun kan ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ. Lọ́jọ́ tí inú ọmọ yìí bá bàjẹ́, kí lo máa ṣe?"

Ọ̀rọ̀ àgbà kò ṣeé fi ẹnu tó kún dáhùn, kò sì ṣeé dá dúró. Adébánjí kánjú kó gbé ẹran náà mì. Nínú ìkánjú náà ni eegun kékeré kan yọ̀ bọ́ sápá òsì, kó tó mọ̀, ó ti fi gbogbo agbára pa eyín dé lé e lórí.

Ayé dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni omi ya lójú rẹ̀. Kì í ṣe pé ó lé sójú lásán, ó ń ṣàn ni, ó ń gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kán sórí aṣọ. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀, èémí nìkan ló jáde. Ó fi ọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, ó tẹrí ba.

Alàgbà Olúṣẹ̀yẹ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, bẹ́ẹ̀ kò dọ̀tí.

"Ẹ wo ọmọ ọlọ́mọ," Àǹtí Ọmọ́títí wí, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà. "Ọ̀rọ̀ Morádéyọ̀ ló wọ̀ ọ́ lára báyìí. Èmi sì ń rò ó sí nǹkan mìíràn."

Alàgbà dìde, ó wá gbé ọwọ́ lé e léjìká. "Ó tó. Nu ojú rẹ. Mo ti rí ìdáhùn mi."

Àǹtí Ọmọ́títí kò lè pa á mọ́ra. Ó sáré wọ ilé ìdáná, ó bu ẹran méjì ńlá wá sórí abọ́ rẹ̀, ó ní kó jẹ ẹ́, pé ẹni tó bá ní irú ọkàn báyìí ló yẹ kó máa jẹ ẹran. Adébánjí wo ẹran náà, omijé mìíràn sì jáde. Màmá Ayọ̀níkẹ́ nìkan ni kò sọ nǹkan kan. Ó ń run pákò rẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ń wò ó.

Adébánjí tọrọ àyè láti lọ bọ́jú lẹ́yìnkùlé. Morádéyọ̀ tẹ̀ lé e. Bí wọ́n ṣe dé ìdí táńkì omi, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ojú tirẹ̀ náà sì ti pọ́n.

"Bánjí, mi ò mọ̀ pé ó tó báyìí nínú rẹ."

Adébánjí wò ó. Ọ̀rọ̀ ṣe é ní méjì. Ì bá rọrùn fún un kó dákẹ́, kó gba iyì tí kò ṣiṣẹ́ fún. Ṣùgbọ́n ohùn bàbá náà, nígbà tó ń dárúkọ ìyá Morádéyọ̀, ṣì wà létí rẹ̀, ó sì ń dùn ún ju eyín lọ.

"Morádé," ó wí, "eyín ni."

"Kí ni eyín?"

"Eyín tí wọ́n dí yẹn. Mi ò sunkún. Eegun ni mo jẹ. Kò tíì san láti ọjọ́ yẹn, mo kàn ń sọ fún ọ pé ó ti san ni."

Morádéyọ̀ tẹjú mọ́ ọn. Ètè rẹ̀ kọ́kọ́ gbọ̀n, lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti táńkì. Nígbà tí ẹ̀rín náà tán, ó di ojú pọ̀.

"Láti ọjọ́ yẹn? Ò ń jẹ̀rora, ò ń rẹ́rìn-ín fún mi?"

"Inú rẹ ń dùn pé eyín náà ti san. Mi ò fẹ́ bà á jẹ́."

"Ṣé eyín ni mo fẹ́ fẹ́ ni, àbí ìwọ?"

Adébánjí bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun sọ fún bàbá rẹ̀. Morádéyọ̀ kọ̀.

"Ìwọ lo sunkún. Ìwọ ni kó o lọ sọ ọ́."

Ó padà wọlé, ó tún dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Alàgbà ní kó dìde, kò dìde. Láti orí ilẹ̀ ibẹ̀ ló ti ro gbogbo rẹ̀ fún wọn, láti orí àga dókítà dé orí eegun. Ó ní òun kò lè fi omijé eyín gba ọmọ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

Ẹ̀rín Màmá Ayọ̀níkẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́.

"Mo ti mọ̀," màmá wí. "Mo ti ń wò ó látàárọ̀. Ẹkún ìfẹ́ kì í mú èèyàn di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú."

Alàgbà Olúṣẹ̀yẹ gbìyànjú láti fajú ro, kò rí i ṣe. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e, tí Morádéyọ̀ fi lọ bu omi wá. Àǹtí Ọmọ́títí kò rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sí abọ́ Adébánjí, ó kó ẹran méjì tó bù kún un, ó gbé wọn padà sínú ìkòkò. Ìgbà tó dé ilé ìdáná ni wọ́n tó gbọ́ ẹ̀rín tirẹ̀.

"Ṣé o mọ̀ pé o ò tíì dáhùn ìbéèrè mi?" Alàgbà wí, nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀.

Adébánjí jókòó dáadáa. Ó ronú díẹ̀, ohun tí kì í sábà ṣe kó tó sọ̀rọ̀.

"Dádì, màá bi í pé kí ló dé. Bí kò bá tíì fẹ́ sọ, màá jókòó tì í. Mi ò mọ̀ ju ìyẹn lọ, sà."

Alàgbà mi orí lẹ́ẹ̀kan, ó sì ké sí ilé ìdáná pé kí wọ́n wá ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín fún aláìsàn yìí. Mọ́ínmọ́ín náà rọ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, Adébánjí sì jẹ ẹ́ débi pé Àǹtí Ọmọ́títí tún bù sí i láìbi í léèrè.

Ní ọjọ́ Ajé, Morádéyọ̀ gba àyè níléèwé, ó mú un padà sọ́dọ̀ Dókítà Láwàl, ó sì jókòó tì í kó má baà gba ẹ̀yìn sá. Adébánjí jókòó lórí àga, ó ń wo àwọn irin tó wà lórí àwo bí ẹni ń wá ẹ̀mú láàárín wọn. Dókítà fi irin kékeré kan kan eyín náà, ó fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ, ó tún ya fọ́tò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi bébà búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sáàárín eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀, ó ní kó máa pa ẹnu dé, kó máa là á.

"Ẹ wá wò ó," ó sọ fún Morádéyọ̀. Àmì búlúù kan ṣoṣo ló dúdú kirikiri, lórí ibi tí wọ́n dí gan-an. "Inú eyín náà dára. Ohun tí mo fi dí i ló ga ju àwọn yòókù lọ, bí ìwọ̀n irun orí. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pa ẹnu dé, òun ló ń kọ́kọ́ gba ìyà."

Adébánjí yọ ọwọ́ dókítà kúrò lẹ́nu ara rẹ̀ kó lè sọ̀rọ̀.

"Táìlì ni," ó wí. "Dókítà, táìlì gan-an ni. Èyí tó bá yọrí ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, gbogbo ẹsẹ̀ tó bá kọjá ló máa gbá a. Bí mo bá tẹ́ irú rẹ̀, onílé á ní kí n wá hú u."

"Èyí ò gba híhú," dókítà wí. "A máa fá a díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n tí mo bá bi yín bóyá ó bára mu, ẹ má kánjú lọ síbì kankan."

Irin kan kùn lẹ́nu rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kò sì dùn ún. Dókítà fi bébà sí i, ó tún fá a. Nígbà tí Adébánjí pa ẹnu dé lẹ́ẹ̀kẹta, gbogbo eyín rẹ̀ pàdé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tún pa á dé. Ó ń là á, ó ń pa á dé, bí ọmọdé tó rí ilẹ̀kùn tuntun, títí dókítà fi ní ó ti tó. Ó ní iṣan inú eyín náà ti gbọgbẹ́ nítorí gbígbá tó ń gbá a, pé yóò gbà tó ọjọ́ díẹ̀ kó tó fara balẹ̀, pé nǹkan tútù ṣì lè máa ta á. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ìrora jíjẹun lọ láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ti omi tútù rọra ń dín kù títí kò fi rántí rẹ̀ mọ́. Orin sì padà sórí iṣẹ́ ní OPIC, Sàhéèdì ní ìgbà tó ń jẹ̀rora gan-an ni etí òun sinmi.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ajé yẹn, bí wọ́n ṣe jáde sí etí títì ní Mowe, Morádéyọ̀ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì obìnrin tó ń sun ún. Adébánjí fi apá òsì jẹ tirẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì gbé e mì.

"Jẹ́ kí n bi ọ́," Morádéyọ̀ wí. "Ká ní eyín ò dùn ọ́ lọ́jọ́ yẹn, tí Dádì bi ọ́ ní ìbéèrè yẹn, ṣé wàá sunkún?"

Adébánjí rò ó. "Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ẹran ni ǹ bá máa jẹ."

Morádéyọ̀ gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jẹ ẹ́ tán.